Èmi Tí Mo Di Okùn Mú

Ìwé ẹgbẹ́ náà ṣì ń bẹ lọ́wọ́ mi,
ológójì ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó,
omi ti mu ojú-ìwé kìíní dé ìkẹta.
Ẹgbẹ́ Òmùwẹ̀ Ìsàlẹ̀ Ọ̀sà, Ìwòpin:
orúkọ tí a fún ara wa nírọ̀lẹ́ Sátidé kan
ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù alájẹṣẹ́kù tí kò tajà mọ́.
Ènìyàn mẹ́fà. Sìlíńdà kan.

Ṣómúyìwá ló gbé e wálé láti Wàrì,
níbi tó ti ń jó irin pọ̀ lábẹ́ omi fún àwọn elépo.
Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun.
Awò méjì tẹ̀lé e, bàtà lẹbẹ kan àti ààbọ̀,
èyí ààbọ̀, eku ti jẹ ẹ́ níwájú.
"Ẹ má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀," ó ní, "afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, owó ni."

Bàbá Sẹ́míù tó ń wa yanrìn rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́:
"Ogún ọdún ni mo fi ń wọ abẹ́ omi yìí,
àyà mi yìí náà ni sìlíńdà mi.
Ṣé ẹja ló ránṣẹ́ sí yín?"
Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí léèrè kan péré:
"Ta ni yóò wá sọ fún mi?"
Ìdí nìyẹn tí mo fi di akọ̀wé,
ìdí nìyẹn tí mo fi di okùn mú.

Fà á lẹ́ẹ̀kan: mo wà. Lẹ́ẹ̀mejì: ẹ tú u sí i.
Lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ẹ fà mí, ẹ má bèèrè.
Ó wà lójú-ìwé kejì, mo fà á nílà lábẹ́.

Ká má purọ́, ẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀.
Ọ̀sà dúdú bí àgbo ọjọ́ mẹ́ta,
wọ́n ní bí o bá na ọwọ́, ìka rẹ á dágbére fún ọ.
Ṣóbándé sáré gòkè, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.
Ṣómúyìwá gbá a létí, ó sì tún gbá a mọ́ra:
"Máa mí, máa rọra. Ta ló ń lé ọ?"
Lẹ́yìn náà, lórí ọkọ̀ tó dojú dé,
gàrí nínú abọ́ kan, ṣíbí mẹ́fà,
ó kan, ó tutù, a sì ń purọ́ nípa ohun tí a rí.

Bí afẹ́fẹ́ bá tán, sìlíńdà á wọ mọ́tò ẹlẹ́ja lọ sÉkòó,
á sanwó ìjókòó bí èrò.
Ẹ́ńjìnnì tó jábọ́ lẹ́bùtè ni a fà jáde
tí a fi ra ìkejì, tòkunbọ̀, tó ń jò díẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mọríyámọ̀ ni mo fẹ́ sọ.
Òun nìkan lobìnrin, òun ló ń pẹ́ jù nísàlẹ̀,
a máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ ná bí ẹni ń ṣọ́ iyọ̀ ná lọ́dún ọ̀wọ́n.
Nígbà ọyẹ́, omi mọ́ díẹ̀,
okùn fà lọ́wọ́ mi: ẹ̀ẹ̀kan.
Ó dákẹ́.
Ẹ̀ẹ̀kan. Ó dákẹ́ pẹ́.
Ẹ̀ẹ̀kan.
Kò sí nínú ìwé. Mo wo Ṣómúyìwá.
Ó ní, "Dúró."

Nígbà tó jáde, kò bọ́ awò lójú.
Ó jókòó, lẹbẹ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní:
"Páànù mẹ́rin tí bàbá mi fi lẹ ìdí ọkọ̀ ẹ̀,
mo kà wọ́n. Ọwọ́ mi mọ̀ wọ́n.
Èmi ni mo di ìṣó mú fún un."

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ọkọ̀ náà ò padà.
Ẹnìkan bu gàrí, kò gbé e dẹ́nu.
Bàbá Sẹ́míù ṣí fìlà rẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀.

Akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ nǹkan.
Mo kọ ọjọ́, mo kọ iye afẹ́fẹ́ tó kù.
Níwájú "Ohun tí a rí", mo fi àyè sílẹ̀.

Wọ́n ti ní sìlíńdà méjìlá báyìí,
aago ọwọ́ ló ń sọ ìjìnlẹ̀ fún wọn, wọn ò lo okùn.
Síbẹ̀, lóru, ọwọ́ ọ̀tún mi a máa fò fìrì,
ẹ̀ẹ̀kan,
mo sì máa ń fà á padà.